Ẹ Má Fọ Ojú Ọmọlangidi Náà

Bí ọmọlangidi onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti lé ní igba ọdún bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu omi sí i. Lábẹ́ ọ̀dà ojú rẹ̀, ẹfun tí wọ́n pò mọ́ gúlúù awọ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ fi rẹ́ igi náà. Bí omi bá ti kàn án, yóò rọ̀, yóò ṣí, ọ̀dà á sì bá a lọ. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi kànrìnkàn nù títí igi fi yọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n wá tún un kùn ló burú jù.

Ẹ lè mọ èyí tí wọ́n ti tún kùn. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ibi tí ojú ti sán. Bí ọ̀dà bá wọ inú sísán náà lọ, ẹ̀yìn tí ojú ti sán ni wọ́n kùn ún.

Àwọn oníṣòwò máa ń pe gbogbo ọmọlangidi onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọ̀nyí ní "Queen Anne". Ọdún 1702 sí 1714 ni ọbabìnrin yẹn jọba, ọ̀pọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ara ọmọlangidi ni kí ẹ wò: orí àti àyà látinú igi kan náà, irun tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ orí, apá òkè tó jẹ́ aṣọ. Ojú dígí dúdú tí kò ní ọmọlójú wọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ọmọlangidi 132 tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣeré ní kékeré kò sí lára irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Irú onígi tí wọ́n ń gbẹ́ ní òkè Alps ni tirẹ̀.

Aṣọ àkọ́wọ̀ ṣọ̀wọ́n ju igi lọ, àní bó tilẹ̀ gbó. Lord àti Lady Clapham, ọmọlangidi méjì tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣì wọ aṣọ àwọn ọdún 1690, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé wọn kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1974, àwọn ará ìlú dáwó kí wọ́n má bàa lọ. Aṣọ wọn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ tó ná an ní gbàǹjo, ẹ ní kí wọ́n rọra gbé yẹ̀rì rẹ̀ sókè, kí wọ́n ya fọ́tò oríkèé itan fún yín, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá òmíràn.