Bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ mólékù nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè

Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ prótéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì láìpa sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àmì tó ń tàn sí i lára. Àmì tó gbajúmọ̀ jù ni GFP, prótéènì tí Osamu Shimomura rí lára Aequorea victoria, ẹ̀dá inú òkun kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, ní 1962. Wọ́n á so jíìnì GFP mọ́ jíìnì prótéènì tí wọ́n fẹ́ ṣọ́, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa ṣe prótéènì náà tàmìtàmì. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà á, yóò tan àwọ̀ ewé. Fílítà inú máíkrósíkóòpù á dí búlúù náà, kí àwọ̀ ewé nìkan lè dé inú kámẹ́rà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sójú kan ṣoṣo, ńṣe ló máa ń fẹ̀. Ernst Abbe, ará Jámánì, ti ṣàlàyé ní 1873 pé ohun méjì tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ìyẹn bíi 200 nanomítà (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan), yóò dà pọ̀ di ọ̀kan, bó ti wù kí gíláàsì náà dára tó. GFP fúnra rẹ̀ kò gùn ju bíi nanomítà 4 lọ.

Ọ̀nà ìyàwòrán kan tó ń jẹ́ PALM, tí Eric Betzig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, kò ba òfin Abbe jẹ́. Ó kàn yẹra fún un ni. Lésà tí kò lágbára ni wọ́n fi ń jí ìwọ̀nba àmì díẹ̀ tó jìnnà síra, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ kí gbogbo kíláàsì má baà dáhùn pọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá àárín gbùngbùn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì náà á kú, wọ́n á jí òmíràn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán yóò fi para pọ̀ di ẹyọ kan. Stefan Hell ní tirẹ̀ lo lésà kejì tó yí ti àkọ́kọ́ ká bí òrùka láti pa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kí àárín nìkan lè máa tàn, STED nìyẹn.

Sẹ́ẹ̀lì alààyè ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn. Àwòrán PALM àkọ́kọ́ kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì alààyè, nítorí mólékù tó ń rìn kì í dúró de ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, ìmọ́lẹ̀ líle sì máa ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ló ń fi díẹ̀ lára ìmọ́gaara àwòrán sílẹ̀: wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ìpele tí kámẹ́rà ń wò nìkan ni ó kàn.