Ṣọ́ọ̀bù Tuntun Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdúgbò Àtijọ́: Níbo Ni Ọ̀rọ̀ Ará Àdúgbò Ti Ń Wúwo?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo jókòó sẹ́yìn níbi tí àwọn ará òpópónà mẹ́ta ti pé jọ lórí ọ̀rọ̀ ilé báńkì kan tó ti kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, irú èyí tó ń ta búrẹ́dì, wàrà, ọtí àti sìgá láti aago 6 òwúrọ̀ títí di aago 11 alẹ́. Báńkì náà kò sí nínú conservation area, ìyẹn àdúgbò tí káńsù ti kéde pé kí wọ́n dáàbò bo ìrísí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú títì kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tó wà nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá dìde, ó ní: “Ṣọ́ọ̀bù méje ló wà lójú títì yìí. Kí la fẹ́ fi ìkẹjọ ṣe?” Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́, kì í ṣe pé Màmá purọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé gbólóhùn tó dùn mọ́ gbogbo wa nínú yẹn kò ní wúwo tó ìyẹ́ adìyẹ nígbà tó bá dé orí tábìlì òṣìṣẹ́ káńsù.

Iṣẹ́ ìṣètò ìlú ni mò ń ṣe. Mo ti bá àwọn tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀wé, mo sì ti bá àwọn tó ń takò wọ́n kọ ọ́. Ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni pé ará àdúgbò máa ń lo gbogbo agbára wọn lórí bóyá kí ṣọ́ọ̀bù wá tàbí kí ó má wá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òfin ti gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ káńsù. Wọ́n á wá jẹ́ kí ohun tó ṣì wà ní ìkáwọ́ wọn kọjá lọ: bí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà yóò ṣe rí, ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ amúǹkantutù sí, àti aago tí ọtí títà yóò máa parí.

Conservation area ni àdúgbò tí káńsù ti kéde pé ìrísí rẹ̀ àti ìtàn ara rẹ̀ ṣe pàtàkì débi pé kò yẹ kí oníkálukú máa ṣe é bó ti wù ú. Òfin Civic Amenities Act ti 1967 ló dá a sílẹ̀, ìlú Stamford ní Lincolnshire ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde lọ́dún náà. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bí 10,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rye Lane ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra iṣu, èlùbọ́ àti ata rodo, di ọ̀kan nínú wọn ní 2011, èyí tó fi hàn pé ọjà títà kò lòdì sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Rye Lane, ọjà gan-an ni ìtàn rẹ̀. Abala 72 nínú òfin ilé àtijọ́ ti 1990 pa á láṣẹ pé kí káńsù fún ìdáàbòbò tàbí àtúnṣe ìrísí àdúgbò náà ní àfiyèsí pàtàkì nígbàkúùgbà tó bá ń ṣe ìpinnu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn adájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní 1992, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí kò bá ba ìrísí àdúgbò jẹ́ ti tó láti kọjá, kò pọn dandan kí ó bu ẹwà kún un. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe wó Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án 2016, ilé tí ìjọba ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, lè máa rò pé ìwé lásán ni irú ìkéde báyìí. Níbí, ìwé náà léyín, àmọ́ ẹ ní láti mọ ohun tó lè gé jẹ.

Bí ilé tí wọ́n ń jà lé lórí bá wà lẹ́yìn ààlà, bí ti báńkì wa yìí, abala 72 kò dé ibẹ̀. Ìlànà ìṣètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀ ló máa ń gbèjà ní irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí ó ka àyíká ohun àtijọ́ mọ́ iyì rẹ̀: ohun tí ènìyàn ń rí bó bá dúró nínú àdúgbò náà tó wo ìta, àti ohun tó ń rí bó bá ń bọ̀ láti ìta. Nítorí náà, ẹ má kàn kọ ọ́ pé “ó sún mọ́ conservation area.” Ẹ lọ dúró ní igun tí ẹ ti lè rí méjèèjì pọ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì sọ ohun tí pátákó pupa tó ń tàn yóò ṣe sí ojú ìran yẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ fi ìpalára wé àǹfààní fún ará ìlú, ilé òfìfo tí ẹyẹlé ti sọ di ilé wọn sì máa ń mú kí àǹfààní ṣọ́ọ̀bù tuntun tètè yọ lójú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí “ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù” kò fi ní ìwọ̀n? Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2020, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì, báńkì, ilé ìtọ́jú aláìsàn àti ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Class E. Ilé tó wà nínú àpò yìí lè ti ara ìlò kan bọ́ sí òmíràn láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí òfin kò ka irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sí ohun tó nílò àṣẹ rárá. Ilé tí à ń jà lé lórí yìí bọ́ sí àpò yẹn nígbà tó jẹ́ báńkì, ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan á ní kí káńsù lo Article 4, agbára tí wọ́n fi ń gba àwọn ẹ̀tọ́ kan padà, ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò kà sí ìdàgbàsókè ilẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tàbí ìyípadà tó ń béèrè àṣẹ, Article 4 kò ní ohun tí yóò gbà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì péré ló kù láti dí ìlò náà lọ́wọ́. Èkíní ni ìwé àṣẹ àtijọ́. Ẹ wọ inú àkọsílẹ̀ káńsù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wá àdírẹ́sì ilé náà, kí ẹ sì ka àwọn ìwé àṣẹ tí wọ́n ti fún un rí. Nígbà mìíràn, ẹ lè bá gbólóhùn kan pàdé tó ní báńkì nìkan ni kí wọ́n lo ilé náà fún, kì í ṣe ohun mìíràn. Mo ti rí i kí gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé, dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èkejì ni pé kí ilé náà má wà nínú àpò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ọtí tí a ń pè ní pọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ṣáájú oṣù karùn-ún 2017, wọ́n lè sọ pọ́ọ̀bù di ṣọ́ọ̀bù láìbéèrè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì bá a lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà àṣẹ ti di dandan. Níbi tí àṣẹ bá ti pọn dandan báyìí, káńsù lè fi àdéhùn sí i nípa wákàtí títajà àti aago tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dé.

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìrísí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i kí lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo yí nǹkan padà. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ lórí báńkì yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè bóyá kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan wà fún iwájú ilé, ọ̀kan fún pátákó, ọ̀kan fún àwọn ẹ̀rọ amúǹkantutù lẹ́yìnkùlé, ìkẹrin sì jẹ́ ti láísẹ́ǹsì ọtí. Nínú àwòrán iwájú ilé náà, wọ́n fẹ́ yọ ògiri kékeré abẹ́ fèrèsé kúrò kí gíláàsì lè kanlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbé ìlẹ̀kùn irin tí a ń ká sókè sí ìta, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ tó yọ gọngọ lókè orí ẹnu ọ̀nà. Màmá kò rí ìyẹn nínú àwòrán. Mo fi ìka tọ́ ọ fún un, ó ní: “Bọ̀dá, ṣé ibi tí mo ti máa ń gbé àpò mi lé nígbà tí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ wó yẹn?” Ó tọ̀nà: òkúta ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn ti dán nítorí àpò àti ìdí àwọn tó ń jókòó lé e. Irú ohun báyìí ni kí ẹ kọ. Ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n bá gbé sí ìta nílò àṣẹ. Ti inú, tó ní ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kì í sábà fa ìjà. Ní ti pátákó, èyí tó bá ń tàn nínú conservation area nílò àṣẹ tirẹ̀, ẹwà àyíká àti ààbò ará ìlú nìkan ni káńsù sì lè wò tó bá ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ fún ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé ní àkókò yín. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta wàrà kì í pa fíríìjì rẹ̀, nítorí náà ohùn rẹ̀ kì í sùn. Ẹ béèrè ìwé ìwọ̀n ariwo, kí ẹ wo bóyá òru ni wọ́n wọ̀n ọ́n tàbí ọ̀sán gangan nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀, kí ẹ sì ní kí káńsù sọ ọ́ di àdéhùn pé ohùn ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ borí ohùn òru ní ojú fèrèsé ilé tó sún mọ́ ọn jù.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí ìdí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí fi máa ń tóbi bákan náà. Òfin ọjà ọjọ́ Àìkú ti 1994 ni. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ju 280 sikuéà mítà lọ kò gbọ́dọ̀ ṣí ju wákàtí 6 lọ lọ́jọ́ Àìkú, láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá wá ń wá ilé kékeré.

Ti láísẹ́ǹsì ni àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò jù. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọtí gbọ́dọ̀ lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù kan mọ́ ara ilé náà fún ọjọ́ 28, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ̀wé láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Bí kò bá sí ẹni tó kọ̀wé, káńsù kò ní yíyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un. Ohun mẹ́rin péré ni lẹ́tà yín lè dá lé: ìwà ọ̀daràn àti ìdàrúdàpọ̀, ààbò ará ìlú, ìyọlẹ́nu gbogbo ènìyàn, àti ààbò àwọn ọmọdé. Ẹ mú ohun tí ẹ rí wá: àwọn ọ̀dọ́ tó ń mutí ní àtẹ̀gùn ilé yín ní aago 11 alẹ́, ilé-ìwé tí ilé mẹ́rin péré wà láàárín rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé fọwọ́ mú, bíi kí ọtí títà parí ní aago 10.

Fún ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún aládùúgbò. Iye owó ilé yín, ìdíje pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mìíràn, àti irú ẹni tó fẹ́ ṣí i kò sí lára ohun tí káńsù lè wò. Lẹ́tà mẹ́wàá tí oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ kọ sì dára ju orúkọ igba lábẹ́ gbólóhùn kan náà lọ. Wọ́n ń gbé lẹ́tà yín sí gbangba, nítorí náà ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kí ìwé yín tó wọlé. Bí káńsù bá kọ̀ fún yín, ẹ lè pẹjọ́ sí Planning Inspectorate, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ bí káńsù bá gbà fún yín, ìbínú rẹ̀ á sì máa wá ibòmíràn gbà.

Ṣọ́ọ̀bù inú báńkì náà ṣí. Ògiri abẹ́ fèrèsé wà níbẹ̀ síbẹ̀, ìlẹ̀kùn irin wà nínú, pátákó kò tàn, aago 10 ni ọtí sì ń parí. Ní oṣù kejì lẹ́yìn tó ṣí, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Màmá ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ọjọ́, aago àti bí ó ti pẹ́ tó sí i, òru mọ́kànlá. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìrúfin àdéhùn dé, kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi béèrè bóyá ẹnì kankan kọ nǹkan sílẹ̀.