Àmì Dò Nínú Ìwé Python: Ibi tí Àtúnṣe Ìrísí Ọ̀rọ̀ ti Ṣẹ̀ Wá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ mi ní Kabba. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, ó ní, "Àǹtí, ọ̀kun o," ó sì fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Àtúnṣe tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé Python, ìyẹn ìwé tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lo èdè náà, wà lójú ẹ̀rọ: ìlà pupa kan lókè, ìlà aláwọ̀ ewé kan nísàlẹ̀. Pupa ni ti àtijọ́, aláwọ̀ ewé ni tuntun. Ó wo méjèèjì títí. "Àǹtí, kí lẹ yí padà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń kà."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe ni pé `None`, ọ̀rọ̀ tí Python fi ń sọ pé kò sí nǹkan kan, di ``None``. Mo fi àmì kan kún iwájú, mo fi ọ̀kan kún ẹ̀yìn, ó parí. Ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà. Mo ní iṣẹ́ ni, kó jókòó, nítorí ibi tí àmì yẹn ti wá jìnnà.

Mo mọ irú iṣẹ́ yìí kí n tó mọ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ilé-ìwé ni bàbá mi, ní apá Ìyàgbà. Òun ló ń fi táípúráítà tẹ ìbéèrè ìdánwò gbogbo olùkọ́, títí kan ti Yorùbá, bẹ́ẹ̀ táípúráítà òyìnbó ni, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á yọ bébà, á mú báírò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣe láti òkè bébà dé ilẹ̀, kó tó padà sókè wá fi ohùn sí i. Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni "egbe". Báírò ló máa sọ bóyá ẹgbẹ́ ni, bóyá ẹ̀gbẹ́ ni, bóyá ègbé ni. Lẹ́yìn náà á gbé bébà fún mi pé kí n wò ó bóyá òun fo ibì kan. Bí mo bá rí ọ̀kan, inú rẹ̀ á dùn ju ìgbà tí n kò rí nǹkan kan lọ.

Àmì tí mo fi kún ìlà yẹn, àmì dò ni. Mi ò sọ pé ó jọ àmì dò. Òun gan-an ni. Òun ni Samuel Ajayi Crowther lò fún ohùn ìsàlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lórí èdè wa lọ́dún 1852, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, kí Lọ́kọ́jà wa níbí tó di ọ̀kan nínú ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya. Bí ó ṣe dé inú kọ̀ǹpútà nìyí. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963, wọ́n tẹ ASCII jáde, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí ẹ̀rọ kan lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ kejì kọ. Kò sí lẹ́tà kékeré nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí àmì dò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1967, àmì dò wọlé, nọ́ńbà 96 ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá ti rí táípúráítà rí máa tètè mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: èèyàn á tẹ lẹ́tà, á padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á wá tẹ àmì lé e lórí. Ohun tí bàbá mi ń fi báírò ṣe ni wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe. Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì kì í ṣe bébà. Bí o bá padà sẹ́yìn lórí gíláàsì tí o tẹ òmíràn, ti àkọ́kọ́ á pa rẹ́. Bí àmì dò ṣe di aláìníṣẹ́ nìyẹn, tó jókòó sí igun òsì kíbọ́ọ̀dù, táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ míì fún un.

Ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ti ń wá ọ̀nà tirẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1964, Jerome Saltzer kọ ètò kan, RUNOFF, ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà: o máa tẹ ọ̀rọ̀ rẹ lọ gbọọrọ, o máa fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ ìlà tó bá jẹ́ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì to bébà fún ọ. Àwọn ará Bell Labs, ilé ìwádìí kan níbẹ̀, gbé irú ọ̀nà yẹn lò fún ìwé Unix, ètò wọn tó ń darí kọ̀ǹpútà; ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé náà jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1971. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kò tíì yí padà láti ìgbà náà. Nínú ìwé ẹ̀rọ, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló ń gbé pọ̀ lórí ìlà kan. Ọ̀kan jẹ́ ti èèyàn: bí o bá fi òmíràn tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, kò sí wàhálà. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀rọ: bí o bá yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Ojú òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó ń wò.

Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń kọ ìwé, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Lọ́dún 1977 wọ́n fi bébà àyẹ̀wò ẹ̀dà tuntun ìwé rẹ̀ hàn án, ìrísí rẹ̀ sì burú lójú rẹ̀ débi pé ó pa iṣẹ́ ìwé tì, ó lọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé, TeX. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò lórí rẹ̀. Ó tún ṣèlérí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe kan nínú ìwé òun máa gba dọ́là 2.56, nítorí pé 256 jẹ́ nọ́ńbà pípé lójú onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, Leslie Lamport kọ LaTeX lé TeX lórí kó lè rọrùn.

LaTeX yìí ni wọ́n fi kọ ìwé Python fún ọ̀pọ̀ ọdún. Guido van Rossum bẹ̀rẹ̀ Python ní oṣù kejìlá ọdún 1989 ní Amsterdam, ó sì gbé ẹ̀dà 0.9.0 síta ní oṣù kejì ọdún 1991. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, àwa Ọ̀kun sì kúrò lábẹ́ Kwara. Èdè náà àti ìpínlẹ̀ wa jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti rò pé Python ti wà láti ayébáyé.

LaTeX lágbára, àmọ́ ó ń lé àlejò. Ẹni tó kàn fẹ́ tún gbólóhùn kan ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la àárín àmì àkámọ́ àti ìdábùú kọjá. Láàárín 2001 sí 2002, David Goodger àtàwọn mìíràn gbé reStructuredText jáde: ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì díẹ̀. Lọ́dún 2007 Georg Brandl kó gbogbo ìwé Python kúrò nínú LaTeX bọ́ sínú rẹ̀, ó kọ Sphinx láti máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gbé Sphinx fún gbogbo ayé ní oṣù kẹta ọdún 2008. Nígbà tí Python 2.6 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìwé tuntun ló bá a wá.

Níbí ni àmì dò ti rí ilé. Nínú reStructuredText, àmì dò méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ni a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ẹ̀rọ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé lọ́dún kan náà, Python lé àmì dò kúrò nínú èdè fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí o bá fi dò kan yí nǹkan ká nínú kóòdù, repr() lo pè yẹn, àṣẹ tó ń sọ nǹkan di ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà. Python 3.0, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2008, mú un kúrò, nítorí pé àmì náà ń fa wàhálà nínú àwọn fọ́ǹtì kan àti lórí àwọn kíbọ́ọ̀dù kan. Ó kúrò nínú kóòdù, ó bọ́ sínú ìwé.

Kí ló wá dé tí a fi ń tún un ṣe lójoojúmọ́? Markdown ni. Ọ̀nà míì láti fi àmì díẹ̀ to ọ̀rọ̀ lásán ni; John Gruber gbé e jáde lọ́dún 2004, dò kan péré ló sì ń lò fún kóòdù. Markdown ni gbogbo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí kọ́kọ́ mọ̀. Láti ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2017 tí kóòdù Python ti kó lọ sí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọ kóòdù pa pọ̀ lórí ayélujára, ẹnikẹ́ni lè tún ìlà kan ṣe láìlọ fi ọwọ́ so fáìlì àtúnṣe mọ́ ìròyìn àṣìṣe bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọlé, wọ́n sì ń mú àṣà ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ dání. Wọ́n á fi dò kan. Sphinx fúnra rẹ̀ kò ní bínú, kò ní kìlọ̀. Dò kan lásán ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú reStructuredText: ó kà á sí àkọlé ìwé, ó sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òǹkàwé á máa rí None tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí orúkọ ìwé.

Àwọn àṣìṣe míì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkíyèsí nínú ìwé náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró méjì, ọ̀rọ̀ note, àti kólọ̀nù méjì. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá tẹ kólọ̀nù kan ṣoṣo, Sphinx á kà á sí ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín àwọn òǹkọ̀wé, gbogbo ìpínrọ̀ náà á sì pòórá lójú òǹkàwé. Ìkìlọ̀ tí ẹnì kan jókòó kọ kí ẹlòmíì má baà ṣìṣe, kólọ̀nù kan ti gbé e mì. Òmíràn ni s tí òyìnbó ń fi sọ púpọ̀: bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àmì dò tó kẹ́yìn láìsí àyè, ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí kóòdù parí sí. Yorùbá ò lè ní ìṣòro yẹn, iwájú ni "àwọn" wa máa ń dúró.

Wọ́n ti kọ ètò kan, sphinx-lint, tó ń wá irú nǹkan wọ̀nyí. Ó ń ran ni lọ́wọ́ gan-an. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ni àwọn tó ń tọ́jú ìwé náà ń gbà, ó sì pẹ́ kí n tó gbà pé wọ́n jàre. Láti ọdún 2017 ni ìtumọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn ti ní ètò tirẹ̀, bíi Japaníìsì àti Faransé. Bí mo bá fi dò méjì kún gbólóhùn kan, ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn ní gbogbo èdè á gba àmì iyèméjì, àfi kí èèyàn tún padà wò ó. Nítorí náà n kì í kó igba ìlà jọ láti tún ṣe nítorí ẹwà. Ibi tí òǹkàwé ti lè ṣìnà ni mo ń tún ṣe.

Ọmọ náà ti ń gbọ́ mi tipẹ́. Ó wá rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá òun da àṣẹ kan kọ láti inú ìwé ètò kékeré kan, kò sì ṣiṣẹ́, òun sì rò pé kọ̀ǹpútà òun ló bàjẹ́. A ṣí ojú ìwé náà. Ìdábùú kékeré méjì tó yẹ kó wà níwájú help ti di ìdábùú gígùn kan, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kóòdù yí i ká, Sphinx sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó lè dára lójú. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó wá àmì náà lọ sí igun kíbọ́ọ̀dù, ó sì ń pè é bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: dò, dò, ọ̀rọ̀ náà, dò, dò.