Bí Igbá Fínfín Ọ̀yọ́ Ṣe Ń Di Ìjàpá Inú Kàtúùnù

Ẹni tó bá ń wo kàtúùnù ọmọdé lè rò pé ńṣe ni ayàwòrán kàn jókòó, tí ìmísí bà lé e, tí Ìjàpá sì ti orí rẹ̀ jáde pẹ̀lú ojú, ẹsẹ̀ àti ẹ̀rín ẹnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ohun kan tí ojú ti rí tàbí tí etí ti gbọ́ ni ìmísí ti máa ń wá, ayàwòrán á sì máa yọ nǹkan kúrò lára ohun náà títí yóò fi ku ìwọ̀nba tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè rí kó sì dá mọ̀. Nílùú Ọ̀yọ́, níbi tí igbá fínfín, iṣẹ́ awọ àti ìlù dùndún ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé láti ìran dé ìran, ohun tí ojú lè rí pọ̀ débi pé wíwá ìmísí kọ́ ló le, bí kò ṣe mímọ ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi igbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó ti di ẹ̀yìn ìjàpá. Kódà, igbá ni Yorùbá ń pe ohun tó wà lẹ́yìn ahun. Àlọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ sọ pé Ìjàpá já bọ́ láti òkè, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi rí ṣákiṣàki títí di òní. Bẹ́ẹ̀ igbá ilé náà máa ń sán. Àwọn àgbà kì í sábà jù ú nù: wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ti sán, wọ́n á sì fi okùn gán an, débi pé ojú okùn náà á tò tẹ̀ léra bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ayàwòrán tó bá ti mú irú igbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí kò tún nílò láti máa wá fọ́tò ahun kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú okùn yẹn ni yóò fà sí ẹ̀yìn Ìjàpá tirẹ̀, ọmọ tó bá sì rí i yóò ti mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, pé ẹni yìí ti ṣubú rí.

Gbogbo ohun tó wà lára igbá kọ́ ló lè dé inú eré, ìṣirò ló sì fà á. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí iṣẹ́ lè dín kù, àwọn tó ń fi ọwọ́ yà á sábà máa ń fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, tó fi jẹ́ pé 12 ni wọn yóò yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, eré ìṣẹ́jú márùn-ún yóò sì gba 3,600. Bí a bá ní kí ìlà 40 wà lẹ́yìn Ìjàpá nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọnà ṣe fín in sára igbá, ìlà ẹ̀yìn nìkan ti di 144,000. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà péré, 21,600 ni. Irú ìṣirò yìí náà wà lára ohun tó jẹ́ kí orí àti etí Mickey Mouse, tó dé ojú gbọ̀ngàn sinimá ní 1928, rí róbótó, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀kan ni a lè ya orí, ẹsẹ̀ àti igbá ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a wá so wọ́n pọ̀ ní oríkèé bí ọmọlangidi. Ẹnikẹ́ni lè wá sọ pé kò sí ohun tó ní kí ìlà mọ níwọ̀n mọ́. Àmọ́ ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń wòran báyìí, ìlà tó bá sì há jù níbẹ̀ yóò kàn dà bí ìdọ̀tí ni. Nítorí náà, ayàwòrán a máa kun gbogbo ara ẹ̀dá tó yà ní dúdú, láìfi ojú tàbí ẹnu hàn, kó lè wò ó bóyá a ṣì lè dá a mọ̀. Ìjàpá tó bá dà bí òkúta nígbà tó di dúdú kò tíì ṣe tán.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ayàwòrán àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Onítọ̀hún á ní kí Ìjàpá wọ bàtà awọ, kó gbé àpò awọ kọ́ èjìká, kó tún dé fìlà òfì, kí ayé lè mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ìfẹ́ ìlú ni, kò burú, ṣùgbọ́n ẹrù ni. Ní ti àwọ̀, ó rọrùn díẹ̀: pupa àlàárì, búlúù ẹtù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọ̀ sányán àti àwọ̀ igbá gbígbẹ ti tó eré kan.

Ohùn ni a kọ́kọ́ máa ń gbà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a tó ya ẹnu tí yóò bá ohùn náà mu. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù tí à ń sọ ní Yorùbá ń ṣìṣe níbí, nítorí pé orí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé àtẹ àwòrán ẹnu tó wọ́pọ̀ kà, ìyẹn àtẹ tó ń fi bí ẹnu ṣe máa ń rí fún ìró kọ̀ọ̀kan han ayàwòrán. Bí a bá tẹ̀ lé irú àtẹ bẹ́ẹ̀, a óò ya ẹnu yíyà fún g, ká tó pa ètè dé fún b, nígbà tó jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni gb jẹ́, tí ètè sì ti pa dé láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bákan náà, àtẹ tó ní ẹnu kan ṣoṣo fún o àti ọ yóò jẹ́ kí “oko” àti “ọkọ” rí bákan náà lójú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu máa ń là ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ orin tún le ju ti ẹnu lọ. Igbá ni à ń fi bu omi, igba ni ogún mẹ́wàá, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà sì ni àkókò. Orin tó bá rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé e sókè ti fi igbà lé Ìjàpá lẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí a kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà bí à ń ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí onílù fi ìyáàlù dùndún sọ ọ́, kí a wá ti ara ohùn tí ìlù gbé jáde mú orin. Kí a sì fi àyè ègbè sílẹ̀. Nígbà tí apàlọ́ bá ní “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ ló ń dáhùn “Ààlọ̀!”, nítorí náà àwòrán yẹ kó dúró díẹ̀ kí ọmọ tó jókòó níwájú ẹ̀rọ lè dá a lóhùn. Ìdúró yẹn kò sì ná ẹnikẹ́ni ní àwòrán tuntun kankan.

Bí Ìjàpá bá wá di àmì ìdánimọ̀ fún ọjà, bóyá lára ọ̀rá bískíìtì, ìlà mẹ́fà yóò tún dín kù. Àmì tó dára gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kó má sì sọnù bí ó bá kéré tó èékánná. Ìlàjì igbá àti ojú okùn kan ti tó. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ wà ní Àbújá. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń wà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Àmì tí a yà yẹn ni a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjàpá inú àlọ́ kò di ti oníbískíìtì.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni a ó ti dán gbogbo rẹ̀ wò. A ó fi àwòrán náà hàn wọ́n fún ìgbà díẹ̀, a ó gbé e pamọ́, a ó sì ní kí wọ́n fi ìka yà á sórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fa ojú okùn sí ẹ̀yìn Ìjàpá, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí bàtà awọ, bàtà ni a óò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya 3,600.