Bí yíyàn ṣe ń bá ààlà rìn: ṣíṣe ẹ̀dá ìtàn nínú eré orí tábìlì

Kí eré ìtàn orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí òun máa jẹ́ nínú rẹ̀. Eré náà fúnra rẹ̀ ò le: ènìyàn mẹ́rin márùn-ún jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Ọ̀kan nínú wọn, olùdarí, ń ròyìn ìlú, igbó àti àwọn ọ̀tá. Àwọn tó kù ń sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó yọrí. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ló lókìkí jù nínú irú eré yìí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ṣíṣe ẹ̀dá ìtàn. Báwo ni ìwé òfin ṣe máa jẹ́ kí òṣèré ṣe ẹni tó wù ú, láì jẹ́ kó ṣe ẹni tó máa ba eré jẹ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ ṣe ìtàn ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà: ohun kan ń gbé ẹ̀yìn omi Òwu, níbi tó ti ń já bọ́ láti orí àpáta nítòsí Ọ̀wá-Kájọlà, àwọn ènìyàn sì ń dàwátì. Ẹni àkọ́kọ́ mú oníjàkadì láti Ọ̀fà. Ta ni ò mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà? Ẹnì kejì mú ọdẹ Òró tó lè tọ ipasẹ̀ ẹran lóru. Ẹnì kẹta mú ààfáà Ìlọrin, onítírà, oníhàǹtú. Ẹnì kẹrin ní:

“Ẹ̀gbọ́n, tèmi ní egbé, ó ní afẹ́ẹ̀rí, ó ní òkígbẹ́, ó ní gbètugbètu. Ó tún mọ ìjàkadì díẹ̀.”

Olùdarí wò ó. “Kí wá ni àwọn mẹ́ta yìí ń bá a lọ ṣe?”

Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn òṣèré kì í bá ara wọn díje, apá kan náà ni wọ́n wà. Àyè là ń pín fún wọn: kí ìgbà kan wà láàárín eré tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè yọ wọ́n, kí òmíràn wà tí gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ ààfáà. Bí ẹnì kan bá lè fi egbé gbé ara rẹ̀ dé ibi tí ọdẹ fẹ́ tọ ipasẹ̀ dé, ọdẹ á kàn jókòó máa tẹ fóònù ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe eré yìí fi òfin tó le dí ihò náà. Ní 1974, irú ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta péré ló wà: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Àlùfáà ò gbọdọ̀ lo ohun ìjà ẹlẹ́nu mímú. Ẹni tó bá mú ẹ̀yà aràrá, iṣẹ́ jagunjagun nìkan ló lè ṣe, kò sì lè kọjá ìpele kẹfà nínú àwọn ìpele tí ẹ̀dá ìtàn ń gùn bó ṣe ń lágbára sí i. Èyí àkọ́kọ́ dára lójú tèmi, torí ó jẹ́ kí idà jẹ́ ti jagunjagun ní tòótọ́. Ti ìpele kẹfà ò dára rárá. Òṣèré á ti gbádùn aràrá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni òfin á wá dá a dúró nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gòkè.

Ní ọdún 2000, ẹ̀dà kẹta eré náà ṣí ilẹ̀kùn: ẹ̀yà yòówù lè ṣe iṣẹ́ yòówù, a sì lè da iṣẹ́ méjì mẹ́ta pọ̀. Inú ọ̀pọ̀ dùn, wàhálà mìíràn sì dé. Ìwé pọ̀, yíyàn pọ̀, ẹni tó bá jókòó tú ìwé wò dáadáa á kó agbára jọ tí ẹni tó kàn yan ohun tó wù ú ò ní lè bá mọ́. Àwọn yíyàn kan dùn létí, wọn ò sì wúlò tó lórí tábìlì. Ẹni tuntun ló máa ń bọ́ sínú irú rẹ̀.

Ọ̀nà tó wù mí ju kíkà nǹkan léèwọ̀ lọ ni kí á fi iye lé e. Nínú ẹ̀dà 2014, ẹ̀dá ìtàn ní ànímọ́ mẹ́fà: agbára, ìyára, ìfaradà, òye, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra. Bí ẹ bá yan láti rà wọ́n, póìntì 27 ni ẹ máa gbà, bí ẹni tí wọ́n ka owó fún kó lọ sí Ọjà Ọba. Orí 8 ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Láti gbé ọ̀kan dé 13, póìntì márùn-ún. Dé 14, méje. Dé 15, mẹ́sàn-án. Bó ṣe ń ga ló ń wọ́n. Oníjàkadì wa ra agbára 15 àti ìfaradà 15, póìntì 18 lọ. Ó ra ìfanimọ́ra 13 torí pé àwọn ará Ọ̀fà gbọ́dọ̀ pariwo orúkọ rẹ̀, ó fi mẹ́rin tó kù ra ọgbọ́n 12. Òye àti ìyára dúró sórí 8, wọ́n á sì máa yọ ẹyọ kan kúrò nínú ohun tí dáìsì bá sọ. Kò sí ẹni tó ní kó má mọ̀wé. Òun ló ná owó rẹ̀ síbòmíràn, àìmọ̀wé náà sì di ara ìtàn rẹ̀.

GURPS, eré Steve Jackson ti 1986, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: òṣèré lè gba àléébù kan kó fi gba póìntì. Ó lè ní apá kan, ó lè máa bẹ̀rù omi. Ibí yìí ni olùdarí ti gbọ́dọ̀ lajú. Bí ìtàn bá dúró sínú ìlú Ìlọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbẹ̀rù omi kì í ṣe àléébù, póìntì ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́nu omi Òwu, ó tó póìntì tí wọ́n san lé e, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ààlà tó tún dára jù ni èyí tó bá inú ìtàn wá, àwa sì ní i lọ́pọ̀ yanturu. Oògùn wo ni kò ní èèwọ̀ nílẹ̀ wa? Olùdarí ò lé ẹnì kẹrin yẹn dànù. Ó bi í pé, nínú mẹ́rin tó kà sílẹ̀, èwo ni kò lè fi sílẹ̀? Ó ní afẹ́ẹ̀rí. Olùdarí fún un, ó sì fi èèwọ̀ kan tì í: ẹni tó wà nínú afẹ́ẹ̀rí ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bó bá sọ̀rọ̀, ó bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Bí ẹsẹ̀ ààfáà bá fẹ́ yọ̀ lórí àpáta, tí ohun tí wọ́n ń wá sì wà nítòsí, ṣé ó máa pariwo àbí ó máa dákẹ́? Agbára mẹ́rin láìsí èèwọ̀ ò lè bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Òfin tó pọ̀ jù náà ń pa eré. Bí olùdarí bá ti kọ orúkọ, iṣẹ́ àti ìwà ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀ kí òṣèré tó dé, kí ló kù fún un? Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Apocalypse World, eré mìíràn tó jáde ní 2010, ni mo máa ń dábàá. Irú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀, yíyàn inú rẹ̀ ò pọ̀, ẹni tó bá ti mú ọ̀kan, ẹlòmíràn ò lè mú un mọ́. Àyè ti pín kí dáìsì tó yí.

Ẹ jókòó papọ̀ ṣe ẹ̀dá ìtàn yín, ẹ má jẹ́ kí oníkálukú ṣe tirẹ̀ wá láti ilé. Bí agbára kan bá wá pọ̀ jù láàárín eré, kí olùdarí pe ẹni tó ni ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó tún pàdé, kó jẹ́ kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ nǹkan mìíràn tó yan fúnra rẹ̀. Bó sì jẹ́ ààlà kan ló fún ẹnì kan lọ́rùn jù, kó tú u fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.