Ọ̀nà Àbùjá Orí Kíbọ́ọ̀dù àti Ìtò Ojú-Ewé Wẹ́ẹ̀bùsáìtì

Ọ̀nà àbùjá orí kíbọ́ọ̀dù ni bọ́tìnnì kan, tàbí méjì sí mẹ́ta tí a tẹ̀ pa pọ̀, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí à bá máa ti máòsì kiri kí a tó rí ṣe. Ctrl àti F ń ṣí àpótí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ojú-ewé, Ctrl àti L ń gbé wa lọ sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, bọ́tìnnì Tab sì ń mú wa láti orí líǹkì kan bọ́ sórí èkejì. (Lórí kọ̀ǹpútà Mac, Command ló ń ṣe iṣẹ́ Ctrl.) Àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tún ní tiwọn: ẹni tó bá tan ètò àbùjá nínú Gmail lè fi j àti k rìn láàárín àwọn lẹ́tà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtò ojú-ewé ló ń pinnu bí àbùjá yóò ti yá tó. Tab kì í wo ibi tí ojú wa rí nǹkan sí. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra nínú kóòdù HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé. Ká ní ojú-ewé kan ní líǹkì 40 lókè, tí fọ́ọ̀mù tí a fẹ́ kọ sì wà lábẹ́ wọn, ẹni tí kò lo máòsì yóò tẹ Tab kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó kan àpótí àkọ́kọ́, bí ó bá sì ṣí ojú-ewé mìíràn, yóò tún un ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi líǹkì kan ṣíwájú gbogbo wọn, tí wọ́n kọ “Fò lọ sí kókó ọ̀rọ̀” sí, tí kì í hàn àfi bí Tab bá kàn án.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kí wọ́n yọ ìlà tó máa ń yí bọ́tìnnì ká nígbà tí Tab bá wà lórí rẹ̀, kìkì nítorí pé kò dùn ún wò. Láìsí ìlà náà, ẹni tó ń tẹ Tab kò ní mọ ibi tó wà.

Ní ti ẹni tó ń lo máòsì, Paul Fitts, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1954, kí máòsì tó dé rárá, pé bí ibi tí ọwọ́ ń lọ bá ti jìnnà tó àti bí ó ti kéré tó ni yóò fi pẹ́ tó kí ọwọ́ tó débẹ̀. Nítorí náà, àwọn bọ́tìnnì tí a ń lò tẹ̀ léra kò yẹ kó jìnnà síra, wọn kò sì gbọdọ̀ rí tín-ín-tín.

Ẹni tó bá fẹ́ dá àbùjá tirẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún lẹ́tà ẹyọ kan. WCAG 2.1, ìlànà bí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò ṣe rọrùn fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn aláàbọ̀ ara, tí W3C, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, gbé jáde ní 2018, ní kí òǹlò lè pa irú rẹ̀ tàbí kí ó lè yí i padà, tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ àfi nígbà tí òǹlò bá wà lórí ohun tí a ṣe é fún. Ẹni tó ń fi ohùn darí kọ̀ǹpútà lè sọ ọ̀rọ̀ kan, kí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ sì máa ṣe iṣẹ́ tí kò rán wọn.

Láti yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wò, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì fi Tab, Shift àti Tab, àti Enter nìkan kọ fọ́ọ̀mù kan tán. Ibi tí ìlà tó ń yí bọ́tìnnì ká bá ti pòórá, tàbí tí ó bá ti fò lọ síbi tí ẹ kò retí, ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.