Ìmọ́lẹ̀ ló ra gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Big Bang, ìyẹn bí àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀, báyìí, bọ́ǹbù ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, pé nǹkan kan bú gbàù níbì kan, ẹ̀rúnrún ẹ̀ fọ́n ká, òun ló di ìràwọ̀. Rárá o. Kò sí ẹ̀rúnrún kankan nílẹ̀ tó fẹ́ fọ́n. Gbogbo ibi pátá ló ń fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru ló kún ibẹ̀, ooru tó pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ń di nǹkan.

Ẹ fi agbára ṣe owó, kẹ́ ẹ fi ìwúwo ṣe iye ọjà. E=mc² (E ni agbára, m ni ìwúwo, c ni ìyára ìmọ́lẹ̀) tí Einstein gbé jáde lọ́dún 1905 ló ń sọ iye tí wọ́n ń tà. Photon méjì, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì, tó lówó lọ́wọ́ bá pàdé, wọ́n á ra nǹkan, àmọ́ ọjà yìí kì í tà ní ẹyọ kan, ìbejì ni: electron kan (ẹ̀rún kékeré inú átọ́ọ̀mù) pẹ̀lú positron kan tó jẹ́ òdìkejì ẹ̀, quark kan (ẹ̀rún tó para pọ̀ di proton) pẹ̀lú antiquark kan tó jẹ́ òdìkejì tiẹ̀. Tí ìbejì bá tún fara kanra, àwọn méjèèjì á parẹ́, owó á padà di owó. Rà á, dá a padà, rà á, dá a padà, bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Àmọ́ bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ ló ń na ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì nà, agbára ẹ̀ ń dín kù ni, ìyẹn ni pé owó ń tán lápò oníbàárà nígbà tí iye ọjà ò yí padà rárá. Proton, ẹ̀rún tó wà láàárín átọ́ọ̀mù, wọ́n ju electron lọ ní ìlọ́po 1,836, torí ẹ̀ lòun fi kọ́kọ́ kọjá agbára àwọn photon, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan pàápàá. Electron náà tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Ibi tó dùn jù rèé. Nígbà tí kò sí owó láti ra tuntun mọ́, ó yẹ kí gbogbo ìbejì ti pa ara wọn rẹ́ tán, kó ku ìmọ́lẹ̀ nìkan. Àmọ́ nínú bíi bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan wà tí ò rí èkejì ẹ̀, ẹyọ yẹn ló di ilẹ̀, omi, ẹran ara. Ìmọ́lẹ̀ àwọn tó parẹ́ ṣì wà lójú ọ̀run, òun ni Penzias àti Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, fi eríàlì wọn gbọ́ lọ́dún 1964, photon inú ẹ̀ sì fi ìlọ́po tó lé ní bílíọ̀nù kan pọ̀ ju proton lọ.

Kí ló jẹ́ kí ẹyọ yẹn ṣẹ́ kù? Sakharov, onímọ̀ físíìsì ará Soviet, sọ lọ́dún 1967 pé ó ní láti jẹ́ pé ìṣẹ̀dá ò fi ojú kan náà wo ìbejì méjèèjì. Àwọn onímọ̀ físíìsì Cronin àti Fitch ti rí irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ lára kaon, ẹ̀rún kan tí quark kan àti antiquark kan para pọ̀ dá, lọ́dún 1964, àmọ́ gbogbo èyí tí wọ́n ti wọ̀n títí dòní, ó kéré jù fún ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù.